Ẹ̀rọ Ìlù Àfẹsẹ̀tẹ̀ àti Àyè Ọmọ Onílù

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá síwájú yín ní oṣù yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn, nítorí pé ohun èlò kan tí kò tóbi ju Bíbélì lọ ni ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ohun èlò náà ni ẹ̀rọ ìlù tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ olórin wa ń gbé kiri nísinsìnyí láti yàrá ìdánrawò dé ilé ìsìn, àti láti ilé ìsìn dé òde ìnáwó. Ìbéèrè tí a fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: níbo ni ó yẹ kí ẹ̀rọ yìí jókòó, níbo ni kò sì yẹ kí ó dé?

Kí a tó dá ẹjọ́, ó tọ́ kí a mọ ohun tí a ń dá ẹjọ́ lé lórí. Àpótí kékeré kan ni ẹ̀rọ náà, ilẹ̀ ni a sì ń gbé e sí níwájú ẹsẹ̀ onígìtá. A ti gba ohùn ìlù sílẹ̀ sínú rẹ̀: ohùn ìlù ńlá tí ń dún gbì, ohùn ìlù pẹlẹbẹ tí ń dún ṣá, àti ohùn àwọn àwo idẹ. Bí onígìtá bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìlù bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá tún tẹ̀ ẹ́ fẹ́rẹ́ nígbà tí orin ń lọ lọ́wọ́, ẹ̀rọ náà yóò dá àrà kékeré kan bí onílù ti í dá a, yóò sì padà sí ipa rẹ̀. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tí kò gbé ẹsẹ̀, ìlù yóò máa múra láti yí padà; bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìlù ti bọ́ sí apá kejì orin náà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kíákíá, ìlù yóò kásẹ̀ nílẹ̀, yóò sì dákẹ́. Kókó kan wà tí a ń yí láti fi mú ìlù yá tàbí láti fi dẹ̀ ẹ́, òmíràn wà tí a ń fi gbé ohùn rẹ̀ sókè tàbí rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Èyí tí a ń pè ní BeatBuddy, tí ó jáde ní 2014, ni ó sọ irú ẹ̀rọ yìí di ohun tí àwọn onígìtá mọ̀ níbi púpọ̀. Ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò ṣòro láti rí: ọwọ́ onígìtá kò ráyè, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ráyè.

Kì í ṣe òní ni ọmọ ènìyàn ti ń wá ohun tí yóò máa ka ìgbésẹ̀ orin fún un. Ní 1815 ni Johann Maelzel gba ìwé àṣẹ fún ẹ̀rọ kan tí ọ̀pá rẹ̀ ń fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, tí ó ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ dùùrù má baà sáré ju orin lọ. Ní 1959 ni ilé-iṣẹ́ Wurlitzer ní Amẹ́ríkà gbé Side Man jáde, àpótí onígi kan tí ń fi iná mànàmáná lu ìlù fún ẹni tí ń tẹ dùùrù. Ní ọdún 1959 yẹn kan náà ni Babátúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ń lu ìlù ní New York fún àwo orin Drums of Passion, èyí tí ó gbé òkìkí rẹ̀ ká ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ wo bí ayé ti rí: ní ilẹ̀ kan náà, ní ọdún kan náà, ọwọ́ kan ń ṣe ìlù tí kò ní onílù, ọwọ́ kejì sì ń pàtẹ́wọ́ fún onílù tí ó ti ọ̀dọ̀ wa lọ. Ní 1980, ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan gbé TR-808 jáde. Wọ́n dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1983, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe nǹkan bí 12,000. Ṣùgbọ́n títí di òní olónìí ni ohùn rẹ̀ ń dún nínú orin àwọn ọ̀dọ́ ní gbogbo ayé.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi òfin dí ọ̀nà yìí. Ní 1982, ẹ̀ka kan ní London nínú ẹgbẹ́ àwọn olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá àbá pé kí a fòfin de irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí, nítorí pé wọ́n ń gba oúnjẹ lẹ́nu olórin. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe asán, ṣùgbọ́n àbá náà kò dá ẹ̀rọ dúró. Ẹni tí ó bá sọ pé kí a kó gbogbo ẹ̀rọ ìlù dà sínú ọ̀sà, ọ̀rọ̀ tí kò lè ṣẹ ni ó ń sọ, àwa kò sì sí lára irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò ní kọ̀ ọ́ nítorí pé ohun àjèjì ni. Gìtá kò ti Ilé-Ifẹ̀ wá, síbẹ̀ ta ni yóò gba gìtá lọ́wọ́ olórin jùjú lónìí? Tony Allen, ẹni tí a bí ní Èkó ní 1940, tí ó sì kú ní Paris ní 2020, ìdí ìlù òyìnbó ni ó jókòó sí ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ń sọ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bí ẹni pé onílù mẹ́rin ni ó jókòó síbẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé a kò lè sọ ìtàn orin Afrobeat ti Fẹlá Aníkúlápó-Kútì kí a má dárúkọ rẹ̀. Ohun èlò lè jẹ́ ti àjèjì. Ọwọ́ tí ó mú un ni ó ń sọ ọ́ di tiwa. Nítorí náà, kì í ṣe ibi tí ẹ̀rọ ti wá ni ẹjọ́ wà. Iṣẹ́ tí a bá fún un ṣe, àti ìjókòó ẹni tí a bá gbé e sí, níbẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní ìyìn tí ó tọ́ sí i. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́, a ti rí àǹfààní rẹ̀ nínú ìdánrawò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń dá kọ́ gìtá nínú yàrá máa ń tan ara rẹ̀ jẹ. Ibi tí orin bá rọrùn, á sáré. Ibi tí ó bá ṣòro, á fà sẹ́yìn. Òun alára kò sì ní mọ̀, nítorí pé etí rẹ̀ ń dárí ji ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ kì í dárí jini. Ó dúró sí ojú kan, ó sì ń fi ibi tí ọmọ náà ti yà kúrò lọ́nà hàn án. Ìmọ̀ràn tí a ń fún àwọn ọmọ wa ni pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ náà sí ìlù 60 ní ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n ta orin náà títí yóò fi yọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tó fi 5 kún un, àti 5 mìíràn lẹ́yìn èyí. Nígbà tí ó bá yá, kí wọ́n rẹ ohùn ẹ̀rọ sílẹ̀ pátápátá, kí wọ́n máa ta orin lọ, kí wọ́n sì tún gbé ohùn náà sókè láti mọ̀ bóyá àwọn àti ẹ̀rọ ṣì jọ wà ní ojú kan. Ọmọ tí ó bá ń ṣe èyí lójoojúmọ́ yóò ní ìlù nínú ara rẹ̀, kì yóò sì máa wá a lẹ́sẹ̀ ẹlòmíràn.

A sì mọ̀ pé àwọn ọmọ wa wà ní London tí wọ́n ń gbé inú yàrá tí ògiri kan ṣoṣo pààlà láàrin wọn àti aládùúgbò. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lu dùndún ní agogo mẹ́wàá alẹ́, ẹjọ́ ni yóò fi jẹ. Ṣùgbọ́n ó lè ti wáyà bọ etí, kí ó tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, kí ó sì ta gìtá títí di òru láìyọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ẹni tí kò ní onílù lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí kò sì lè rí, ẹ̀rọ jẹ́ ìtùnú fún un. A kò rí ẹ̀bi nínú èyí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kúrò nínú yàrá tí a bọ́ sí òde, ọ̀rọ̀ di méjì. Àwọn àgbà wí pé òwe òwe ni à ń lu ìlù àgídìgbo. Ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ìlù wa kì í ṣe ariwo tí a fi ń ka ẹsẹ̀ nìkan. Ohùn òkè, ohùn àárín, àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà nínú èdè wa, àwọn náà ni ó wà nínú ọ̀sán tí onílù ń fún mọ́ ìhà rẹ̀. Ó ń fi ìyáàlù ki ọba, ó ń fi kìlọ̀ fún ọ̀dájú, ó ń fi kí àlejò, ó sì ń fi ránni létí ẹni tí baba ẹni jẹ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ojú onílù kì í kúrò lára ẹni tí ń jó. Bí ìjòyè àgbàlagbà bá dìde, ìlù á rọra. Bí ọmọ rẹ̀ bá bọ́ sí agbo, ìlù á yá. Bí ìyàwó ilé bá kúnlẹ̀, ìlù á bá a kúnlẹ̀. Ẹ̀rọ kò ní ojú, kò sì ní etí. Ohun tí a bá fi sínú rẹ̀ ní òwúrọ̀ ni yóò wí ní alẹ́, ìbáà ṣe ìgbéyàwó ni a ń ṣe, ìbáà ṣe ìsìnkú.

A rí èyí níbi ayẹyẹ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan jókòó ti gìtá rẹ̀, ẹ̀rọ ìlù wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, orin náà sì dùn, a kò lè purọ́. Ìgbà tí ó yá ni ọba alága dìde láti jó. Àwọn ọba kì í jó bí ọmọdé. Ìjó wọn ní ìwọ̀n, ó sì ní ìdúró. Kábíyèsí gbé ẹsẹ̀ kan, ẹ̀rọ ti gbé mẹ́rin. Kábíyèsí dúró kí àwọn ènìyàn lè kí i, ẹ̀rọ kò dúró. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti yí kókó ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára gìtá, orin sì já. Nígbà náà ni ọmọ kan tí kò ju ọdún mẹ́tàlá lọ, tí ó bá baba rẹ̀ wá láti wòran, gbé gángan lé èjìká, ó wo ẹsẹ̀ ọba, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Gbogbo ìjókòó hó yè. Ọmọ náà kò mọ ìwé ju ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n ó mọ ọba.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyèsí. Ìlù tí a kó sínú irú ẹ̀rọ báwọ̀nyí nígbà tí a ń tà á, ìlù ìgbésẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ti àwọn òyìnbó ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni agogo kan wà tí a ń lù káàkiri ilẹ̀ wa, tí ìṣísẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ jẹ́ méjìlá, tí ọwọ́ agogo sì kàn án lẹ́ẹ̀meje: méjì, méjì, ọ̀kan, méjì, méjì, méjì, ọ̀kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ bí ẹsẹ̀ mẹ́rin tí ó ní mẹ́ta-mẹ́ta nínú. Ẹlòmíràn lè gbọ́ ọ bí ẹsẹ̀ mẹ́fà tí ó ní méjì-méjì nínú. Àwọn méjèèjì yóò sì jọ jó láìjẹ́ pé ẹnì kan ṣìnà. Ọmọ tí ó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ mẹ́rin-mẹ́rin nìkan ni ẹ̀rọ fi tọ́ ọ dàgbà, yóò dé agbo baba rẹ̀, kì yóò sì mọ ibi tí yóò ti fi ẹsẹ̀ wọ̀ ọ́.

Wàyí o, a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wa gan-an wà. Àwọn kan ń sọ pé kí ọkàn wa balẹ̀, nítorí pé ẹ̀rọ kò lè sọ̀rọ̀ bí ìyáàlù. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ṣe iṣẹ́ àwọn ìlù kéékèèké tí kì í yí ohùn padà, kí onílù kan ṣoṣo máa lu ìyáàlù lé e lórí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ó sì dín owó kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ta ni ó ń lu àwọn ìlù kéékèèké wọ̀nyí? Ọmọdé ni! Ní agbo ilé àwọn onílù, kò sí ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ìyáàlù. Ọmọ yóò kọ́kọ́ gbé gúdúgúdú kọ́ ọrùn, tàbí omele, yóò máa lu ohun kan náà láti àárọ̀ títí di ọjọ́rọ̀, etí rẹ̀ yóò sì wà lọ́dọ̀ baba rẹ̀ tí ń lu ìyáàlù. Níbẹ̀ ni ó ti ń gbọ́ oríkì ìdílé kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni ó ti ń mọ ìgbà tí a ń mú ìlù yá àti ìgbà tí a ń pa á rọ́rọ́. Níbẹ̀ ni ó ti ń mọ ojú ọba yàtọ̀ sí ojú ọlọ́jà. Ó lè lo ọdún púpọ̀ ní ìdí ìlù kékeré kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ìlù ńlá. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rọrùn fún jù láti gbà ni iṣẹ́ gúdúgúdú, nítorí pé ó dàbí iṣẹ́ tí kò ní ọgbọ́n nínú lójú ẹni tí kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìjókòó yẹn gan-an ni ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹni tí ó bá gbé ẹ̀rọ sí ìjókòó gúdúgúdú lónìí, kò lé ìyáàlù kúrò lóde. Ṣùgbọ́n ó ti sé ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ìbá lu ìyáàlù ní ogún ọdún sí i. Ọ̀dọ̀ àwa olùkọ́ ni kí ẹ ti gbọ́ èyí: ilé-ìwé tí kò ní kíláàsì àkọ́kọ́ kì í ní kíláàsì ìkẹyìn.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyèméjì, kí ó bojú wo òkun kọjá sí Cuba. Àwọn ará wa tí a kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ kò mú ìlù kankan dání nínú ọkọ̀. Inú orí wọn ni wọ́n gbé ìlù bàtá lọ, wọ́n sì tún un gbẹ́ níbẹ̀. Títí di òní, mẹ́ta ni bàtá wọn: iyá ni ìlù àgbà, itótele tẹ̀ lé e, okónkolo ni àbúrò wọn. Okónkolo yìí ni ó ń lu ohun kan náà léraléra, òun sì ni a sábà máa ń kọ́kọ́ gbé fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́, kí ó tó gòkè lọ sí itótele, àti láti ibẹ̀ lọ sí iyá. Bí ìran kan ti ń fi í lé ìran kejì lọ́wọ́ nìyẹn, láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún títí di ìsinsìnyí, ní ilẹ̀ tí kò sí ọba Yorùbá kan tí yóò dáàbò bò wọ́n. Àtẹ̀gùn náà kò já, nítorí náà ni ilé náà kò fi wó. Ó ha yẹ kí ohun tí ẹrú pa mọ́ sọnù lọ́wọ́ ọmọ tí ó wà nílé?

A mọ ohun tí àwọn ẹlòmíràn yóò fi dá wa lóhùn, ó sì yẹ kí a gbọ́ tiwọn. Wọn yóò ní owó àwọn onílù ti wọ́n jù. Wọ́n mẹ́fà ni a óò gbé wá, a óò fún wọn ní owó ọkọ̀, a óò bọ́ wọn, wọn yóò sì tún máa ki ènìyàn títí àpò rẹ̀ yóò fi gbẹ. Wọn yóò ní ẹ̀rọ kì í pẹ́ dé, kì í mu ẹmu, kì í sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìpín owó. Wọn yóò ní ìjọ kékeré tí kò ní ju ogún ọmọ ìjọ lọ kò lè máa sanwó fún onílù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òtítọ́ wà nínú gbogbo èyí. Onílù tí kò mọ ìwà hù ń ba iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì yẹ kí àwọn àgbà onílù fúnra wọn bá a wí. Ìjọ tí kò ní onílù kankan, kí ó máa lo ẹ̀rọ títí Ọlọ́run yóò fi pèsè. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ìdáhùn wọn ní àwòfín. Ìnáwó tí a ti pa màlúù, tí a ti ta aṣọ ẹbí, tí a ti háyà àga àti àgọ́, owó gúdúgúdú nìkan ni a ha wá rí gé kù nínú rẹ̀ bí? Ní ti àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run, ó yẹ kí a rántí pé ọ̀pọ̀ ìjọ ìṣáájú ní ilẹ̀ yìí lé ìlù wa jáde, wọ́n pè é ní ohun abọ̀rìṣà, ó sì gba ìjàkadì pípẹ́ kí ìlù tó tún wọ ilé ìsìn. Bí a bá tún lé e jáde nísinsìnyí, tí kì í ṣe nítorí ìgbàgbọ́ mọ́ bí kò ṣe nítorí ìrọ̀rùn, kí ni a óò sọ fún àwọn tí ó jà kí ó tó wọlé?

Kí ni a wá ní kí a ṣe? Èkíní, kí ẹ̀rọ ìlù àfẹsẹ̀tẹ̀ jẹ́ ìránṣẹ́ wa nínú ìdánrawò, ní ilé àti ní ilé-ẹ̀kọ́, kí a má sì tijú láti lò ó níbẹ̀.

Èkejì, níbi tí onílù bá wà, kí a má ṣe gbé ẹ̀rọ sí ìjókòó ọmọ onílù. Bí owó kò bá tó fún onílù mẹ́fà, kí a pe mẹ́ta, kí ọ̀kan nínú mẹ́ta náà sì jẹ́ ọmọdé. Ẹ̀yin ìjòyè wa, ẹ̀yin ni òde ń wò. Ìjòyè tí ó bá sọ fún onílù rẹ̀ pé, “Mú ọmọ rẹ dání wá,” tí ó sì fún ọmọ náà ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ti ṣe ju ẹni tí ó kọ́ ilé ọnà lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a kó ìlù tiwa sínú ẹ̀rọ. Èyí kì í ṣe àlá. A ṣe BeatBuddy ní ọ̀nà tí ẹni tí ó ni í fi lè ti inú kọ̀ǹpútà kó ìlù tuntun àti ohùn tuntun sí i. Kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa pe àwọn àgbà onílù jókòó, kí a gba ohùn gúdúgúdú, ti omele, ti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ti agogo sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí agogo ìṣísẹ̀ méjìlá náà má gbẹ́yìn, kí ọmọ wa tí ó wà ní London lè rí ohun tí yóò fi dánra wò tí kì yóò sọ ọ́ di àjèjì. Ṣùgbọ́n kí a kọ orúkọ onílù sára iṣẹ́ náà, kí a sì san owó rẹ̀ fún un. Ohun tí baba ẹni fi ogójì ọdún kọ́, kì í ṣe ohun tí a ń fi ọ̀sán kan gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹrin, kí àwọn tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa má ṣe kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ láìmọ ìlù kan lù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ agogo. Olùkọ́ tí ó mọ ìlù ni yóò mọ iyì ọmọ onílù tí ó bá bá ní kíláàsì rẹ̀, kì yóò sì máa fi orúkọ Àyàn tí ọmọ náà ń jẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, igi gangan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ìlù Yorùbá kò tíì kú, ẹ̀rọ kò sì lè dá a pa. Bí yóò bá kú, a jẹ́ pé àwa ni a gba ìlù kékeré lọ́wọ́ ọmọdé kí ó tó lè gbé ìlù ńlá. Kí olúkúlùkù wa wo òde tí òun yóò ṣe ní ọdún yìí, kí ó ka àwọn tí yóò jókòó ní ìdí ìlù níbẹ̀, kí ó sì rí i dájú pé ọmọ kan wà láàrin wọn.